Bí a ṣe ń ka orúkọ ọba Íjíbítì àtijọ́ lára òkúta, kí a tó wo adé orí rẹ̀

Ẹni tó bá ti dúró níwájú ère ọba Íjíbítì àtijọ́ rí, yálà ní Yàrá 4 ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí lójú fóònù lásán, á mọ ohun tí mò ń sọ. A ó ya fọ́tò, a ó ní "Fáráò nìyí," a ó sì kọjá. Bí ọmọdé bá bi wá pé fáráò wo, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàdì tí wọ́n lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ère. Bẹ́ẹ̀ orúkọ ọba náà wà lára òkúta níwájú wa, wọ́n gbẹ́ ẹ gàdàgbà, nígbà mìíràn tó ìgbà mẹ́wàá.

Ohun kan náà ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà: ojú àti adé la kọ́kọ́ ń wò, a ó wá méfò. Èmi náà ti fi ẹnu ara mi pe ère Amenhotep kẹta ní Ramesses níwájú àwọn àlejò mi, torí pé ó tóbi. Adé kì í sọ ẹni tí ọba jẹ́. Ohun tó ń sọ ni ipò tí ó wà àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú àwòrán yẹn. Inú òrùka ni orúkọ wà. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó yìí, ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan.

Ohun tí ẹ máa nílò

Fọ́tò tó mọ́ ni àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wá láti ẹ̀gbẹ́ ló ń mú kí òjìji wọ inú ibi tí wọ́n gbẹ́. Èyí tó bá wá láti iwájú tààrà á jẹ́ kí ohun gbogbo tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má tan iná fóònù yín nínú mùsíọ̀mù o, ẹ kàn máa rìn yí ère náà ká títí ẹ ó fi rí igun tí àmì ti hàn.

Pépà àti pẹ́ńsù. Ẹ ó ya àmì kọ̀ọ̀kan fúnra yín, bó ti wù kí ọwọ́ yín burú tó. Ojú máa ń parọ́ fún wa, ọwọ́ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtẹ àmì Gardiner. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan ni wọ́n fún àmì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀: A fún ọkùnrin, G fún ẹyẹ, S fún adé, aṣọ àti ọ̀pá. Ẹ ó rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá àkójọ orúkọ ìtẹ́ àwọn ọba Íjíbítì mọ́ ọn.

Fọ́ńtì tó lè fi háíróglífì, àmì ìkọ̀wé Íjíbítì àtijọ́, hàn, bíi Noto Sans Egyptian Hieroglyphs. Láti ọdún 2009 ni àwọn àmì yìí ti wà nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, nítorí náà ẹ lè da àwọn tí mo kọ sísàlẹ̀ kọ. Bó bá jẹ́ pé àpótí òfìfo lẹ̀ ń rí, fọ́ńtì ni kò sí.

Ẹ kò nílò gírámà èdè Íjíbítì rárá fún iṣẹ́ yìí.

1. Ẹ mọ ibi tí àwọn ẹyẹ kọjú sí

Ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì ni wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀wé. Ẹ wá ohun tó ní ojú: ẹyẹ, ejò, ènìyàn, kòkòrò. Ibi tí wọ́n kọjú sí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹyẹ bá ń wo ọ̀tún, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún wá sí òsì. Ṣe ni kí ẹ máa rìn pàdé wọn lójúkojú. Bí àmì méjì bá gun ara wọn, ẹ ka ti òkè kí ẹ tó ka ti ìsàlẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà nìyí. Ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì, wọ́n sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí apá ọ̀tún àti apá òsì máa wo ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn wo dígí. Ẹni tó bá kà á lọ tààrà láti igun kan dé èkejì á ka ìdajì rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tún ṣọ́ra fún fọ́tò tí fóònù ti yí òsì pa dà sí ọ̀tún.

Bí ọba àti ọlọ́run bá dúró pọ̀ lára ògiri kan, ọ̀rọ̀ tó kọjú síbi tí ọba kọjú sí ni ti ọba. Èyí nìkan ti gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe tí n kò lè kà tán.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi pẹ́ńsù fa ọfà sí abẹ́ ìlà náà. Gbogbo ohun tó ní ojú nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wo ìdí ọfà yẹn, níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yí ẹ̀yìn pa dà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìlà méjì lẹ dà pọ̀.

2. Ẹ wá òrùka, kí ẹ sì wo ohun tó ṣáájú rẹ̀

Òrùka gígùn tí wọ́n fi okùn ṣe, tí ìlà kan dúró gbọnrangandan ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ni ẹ̀ ń wá. Àwọn ará Íjíbítì pè é ní shenu. Àwọn sọ́jà ilẹ̀ Faransé ló sọ ọ́ ní kátúùṣì, nítorí ó jọ ọta ìbọn lójú wọn. Òrùka méjì ni ọba ní. Ohun tó wà níwájú òrùka ló ń sọ èyí tí í ṣe èwo.

Koríko etí odò àti oyin, 𓇓𓆤: òrùka tó tẹ̀ lé e ni orúkọ ìtẹ́, èyí tí ó gbà ní ọjọ́ tí ó jọba. Koríko dúró fún gúúsù, oyin dúró fún àríwá.

Pẹ́pẹ́yẹ àti oòrùn, 𓅭𓇳: "ọmọ Ra", ọlọ́run oòrùn, ni ìtumọ̀ rẹ̀, òrùka tó tẹ̀ lé e sì ni orúkọ àbísọ.

Nígbà mìíràn, "olúwa ilẹ̀ méjèèjì" ni ẹ ó rí níwájú orúkọ ìtẹ́ dípò koríko àti oyin: apẹ̀rẹ̀ kan àti ìlà ilẹ̀ méjì.

Orúkọ ìtẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ọba mẹ́rin ló jẹ́ Thutmose, mẹ́rin jẹ́ Amenhotep, mọ́kànlá jẹ́ Ramesses. "Kìn-ín-ní", "kejì" àti "kẹta" tí a ń pè mọ́ wọn, àwa ìran ìsinsìnyí la fi kún un. Ẹ kò ní rí i lára òkúta láé. Orúkọ ìtẹ́ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Orúkọ mẹ́ta mìíràn kì í wọ òrùka. Èkíní wà nínú àpótí tó jọ ògiri ààfin, tí àṣá bà lé lórí. Serekh ni wọ́n ń pè é, orúkọ Horus, ọlọ́run àṣá, ló sì wà níbẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé ìgún àti ejò sèbé tí wọ́n jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ méjì: àwọn òrìṣà Nekhbet ti gúúsù àti Wadjet ti àríwá. Ẹ̀kẹta tẹ̀ lé àṣá tó dúró lórí àmì wúrà. Lára òkúta tó pẹ́ gan-an, kí lílo òrùka tó wọ́pọ̀ ní ayé ọba Sneferu, inú serekh ni kí ẹ wá orúkọ sí. Ẹ má sì rò pé àṣá nìkan ló ń bà lé e: ọba Peribsen gbé ẹranko ọlọ́run Seth sí orí tirẹ̀, Khasekhemwy sì gbé àwọn méjèèjì.

Kì í ṣe gbogbo òrùka ló jẹ́ ti ọba. Ayaba náà ń ní i. Ní ayé ọba Akhenaten, wọ́n fi orúkọ Aten, ọlọ́run oòrùn, sínú òrùka méjì bíi ti ọba gan-an. Bí ẹ bá rí òrùka méjì ńláńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn tí ìtànṣán rẹ̀ ní ọwọ́, Aten nìyẹn, ẹ máa wá ti ọba níbòmíràn.

3. Ẹ ka inú òrùka

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn: 𓐍𓅱𓆑𓅱. Róbótó tó ní ìlà nínú ni *kh*. Ọmọ àparò ni *w*, tí a máa ń kà bí *u*. Paramọ́lẹ̀ oníwo ni *f*. Ọmọ àparò tún pa dà wá. Kh-u-f-u: Khufu, ẹni tó ni píràmídì ńlá Giza.

Ìwọ̀nba irú èyí ló wà. Wọn kì í kọ fáwẹ́lì. Ká ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ Yorùbá ni, "b-b" lè jẹ́ bàbá, ó lè jẹ́ bébà, ó sì lè jẹ́ bùbá. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ki *e* bọ àárín kí ẹnu lè gbé e. Bí ẹ bá rí Menkheperra níbì kan àti Menkheperre níbòmíràn, ọba kan náà ni.

Ìdẹkùn tó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí: orúkọ ọlọ́run ni wọ́n ń kọ síwájú láti bọ̀wọ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo èyí:

𓇳𓏠𓆣

Oòrùn, ọpọ́n eré tí ọmọ ayò tò sí orí rẹ̀, àti yímíyímí. Ra, men, kheper. Ẹ gbé Ra lọ sẹ́yìn: Men-kheper-Ra. Thutmose kẹta nìyẹn. Ọpọ́n yẹn máa ń jọ òòyà lójú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́; eyín rẹ̀ kọjú sókè, kò sì gùn.

Ẹ wo abẹ́ yímíyímí náà dáadáa. Bí ìlà kékeré mẹ́ta bá wà níbẹ̀, ó ti di ọ̀pọ̀: *kheperu*. Ọba mìíràn ti wọ̀ ọ́. 𓇳𓏠𓆣𓏥 ni Men-kheperu-Ra, Thutmose kẹrin. Ẹ yọ ọpọ́n, ẹ fi apẹ̀rẹ̀ sí i, 𓇳𓆣𓏥𓎟, ó di Neb-kheperu-Ra, èyí tí í ṣe Tutankhamun. Ìlà mẹ́ta tí kò tó ìka lórí òkúta ló wà láàárín Thutmose kẹta àti Thutmose kẹrin, ọmọ ọmọ rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ojú fo ohun kékeré.

Ìdílé kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ti Maat, òrìṣà òtítọ́ tó jókòó tí ìyẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Oòrùn àti Maat á wà nínú òrùka, àmì kẹta ló máa sọ ẹni náà:

Apẹ̀rẹ̀: 𓇳𓁦𓎟, Neb-maat-Ra, Amenhotep kẹta.
Apá méjì tó nà sókè: 𓇳𓁦𓂓, Maat-ka-Ra, Hatshepsut.
Ọpọ́n eré: 𓇳𓁦𓏠, Men-maat-Ra, Seti kìn-ín-ní.
Ọ̀pá olórí ajá: 𓇳𓄊𓁦, User-maat-Ra.

Ẹ dúró díẹ̀ nídìí èyí tó kẹ́yìn yìí. Bí ẹ bá ti rí User-maat-Ra, ẹ má tíì pariwo Ramesses kejì. Ẹ kà á tán. Bí "Setep-en-Ra", ẹni tí Ra yàn, bá tẹ̀ lé e, ó sábà máa ń jẹ́ Ramesses kejì. Bó bá jẹ́ "Meri-Amun", ẹni tí ọlọ́run Amun fẹ́ràn, Ramesses kẹta ni. Ẹ sì rí i dájú pé inú òrùka ìtẹ́ lẹ ti kà á, nítorí Ramesses kejì náà ní Meri-Amun, àmọ́ inú òrùka àbísọ ni tirẹ̀ wà.

Ó kù orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀: 𓇋𓏠𓈖𓏏𓅱𓏏𓋹. Esùsú, ọpọ́n àti omi ló pa Amun pọ̀. Búrẹ́dì, ọmọ àparò, búrẹ́dì ni *tut*, àwòrán. Àmì tó tẹ̀ lé e ni *ankh*, ìyè. Ẹ gbé Amun sẹ́yìn: Tut-ankh-Amun, àwòrán Amun tó wà láàyè. Lábẹ́ rẹ̀, nínú òrùka kan náà, ẹ ó sábà rí 𓋾𓉺𓇗: ọ̀pá, òpó àti ewéko. "Alákòóso Iunu ti gúúsù" ni, èyí tí í ṣe ìlú Thebes. Oríkì ni, kì í ṣe ara orúkọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka iye àmì tí ẹ yà, ẹ fi wé iye èyí tí ẹ ti rí iṣẹ́ fún. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, ẹ kò tíì kà á tán. Bí orúkọ tí ẹ rí kò bá sí nínú àkójọ, ẹ pa dà sí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àṣìṣe tèmi, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

4. Nísinsìnyí, ẹ wo ọba, láti orí dé ẹsẹ̀

Adé funfun (S1) ga, ó sì jọ ìgò tí orí rẹ̀ ṣe róbótó. Ti gúúsù ni. Adé pupa (S3) tẹ́jú lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sókè, okùn kan sì ká kòńgòkòńgò níwájú rẹ̀. Ti àríwá ni. Bí ti funfun bá wọ inú ti pupa, adé méjèèjì nìyẹn (S5), ọba gbogbo ilẹ̀. Ẹ má fi àwọ̀ dá wọn mọ̀, òkúta ti pàdánù ọ̀dà rẹ̀ tipẹ́. Bí adé ṣe rí ni kí ẹ wò.

"Íjíbítì Òkè" ni gúúsù o. Máàpù ń tan wá jẹ níbí, torí a rò pé àríwá ló wà lókè. Gúúsù ni odò Náílì ti ń ṣàn bọ̀ wá sí àríwá, nítorí náà gúúsù ni òkè odò.

Adé búlúù tó wú, tí àmì róbótóróbótó kún ara rẹ̀, ni khepresh. Ìdílé ọba kejìdínlógún ló sọ ọ́ di ohun tó wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní adé ogun, àmọ́ ẹ ó rí ọba tó dé e tó ń rúbọ nínú tẹ́ḿpìlì. Ìborí onílà tó wálẹ̀ sí èjìká méjèèjì ni nemes, èyí tó wà lára ìbòjú wúrà Tutankhamun. Aṣọ ni, kì í ṣe adé. Títí di òní, kò sẹ́ni tó tíì hú adé funfun tàbí adé pupa gidi kan jáde nínú ilẹ̀. Àwòrán nìkan la mọ̀ wọ́n sí.

Iwájú orí: ejò sèbé tó na ọrùn. Bí ẹ kò bá rí ejò, ẹ wò ó bóyá ó ti kán, torí imú àti ejò ni ó máa ń kọ́kọ́ kán lára ère.

Irùngbọ̀n: èyí tó nà tààrà sábà jẹ́ ti ọba tó wà láàyè, èyí tí etí rẹ̀ ká síwájú jẹ́ ti ọlọ́run, tàbí ti ọba tó ti kú tó di Osiris, ọlọ́run àwọn òkú. Àtọwọ́dá ni méjèèjì. Hatshepsut, tó jẹ́ obìnrin, wọ̀ ọ́. Lára rẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ pé irùngbọ̀n kì í sọ akọ tàbí abo. Ẹ wo ohun tó wà níwájú òrùka rẹ̀: búrẹ́dì kékeré lè wà lẹ́bàá pẹ́pẹ́yẹ, kó di "ọmọbìnrin Ra".

Ọwọ́: ọ̀pá darandaran tí orí rẹ̀ tẹ̀ (S38), àti pàṣán tí wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ gígùn mẹ́ta mọ́ (S45). Wọ́n bá àwọn gidi nínú ibojì Tutankhamun. Àwa Yorùbá máa ń yára pe pàṣán yìí ní ìrùkẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, ó jọ ọ́ lókèèrè. Ẹ sún mọ́ ọn: kò sí irun kankan níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn ìbàdí: ìrù akọ màlúù tó fi kọ́. Ọ̀pọ̀ kì í rí i rárá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀, orí, iwájú orí, àgbọ̀n, ọwọ́. Bí ọ̀kan bá ti kán, ẹ kọ "ó ti kán", ẹ má fi èrò yín dí i.

5. Ohun oyè lè di lẹ́tà

Níbí ni ojú ti máa ń ru àwọn tó ti ń ṣe dáadáa. Adé pupa tí ẹ bá rí láàárín ọ̀rọ̀ lè má jẹ́ adé rárá. Wọ́n ń lò ó fún ohùn *n*, bíi ti omi. Ọ̀pá darandaran 𓋾 ni *heqa*, alákòóso, bí a ṣe rí i nínú òrùka Tutankhamun. Ọba kékeré tó jókòó pẹ̀lú pàṣán (A42) lè wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ọba. Ẹ kì í pè é, ó kàn ń tọ́ka sí irú ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: àmì tó bá tóbi bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìlà, ẹ kà á. Èyí tó bá wà lórí ẹni tàbí lọ́wọ́ ẹni, ẹ wò ó.

6. Ṣé ẹni tó ni orúkọ ló ni ère?

Ramesses kejì gba ère àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó gbẹ́ orúkọ tirẹ̀ sí i. Horemheb ṣe bẹ́ẹ̀ sí òkúta Tutankhamun. Nítorí náà, ẹ wo ilẹ̀ inú òrùka. Bó bá jìn ju ara òkúta tó yí i ká lọ, tàbí tí apá àmì àtijọ́ kan ṣì hàn lábẹ́ tuntun, wọ́n ti pa ẹnì kan rẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kìkì Amun ni wọ́n fi irin họ kúrò nínú òrùka tí ìyókù sì wà, iṣẹ́ àwọn ènìyàn Akhenaten ni. Òrùka Amenhotep kẹta, baba rẹ̀ gan-an, jẹ nínú ìyà yìí.

Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn òrùka náà. "A fún un ní ìyè" sábà máa ń tẹ̀ lé orúkọ ọba tó wà lórí ìtẹ́. *Maa-kheru*, "ẹni tí ohùn rẹ̀ jẹ́ òótọ́", sábà máa ń tẹ̀ lé ti ẹni tó ti kú.

Bó bá jẹ́ yímíyímí kékeré tí wọ́n fi òkúta ṣe lẹ ti rí Men-kheper-Ra, ẹ má sọ pé ayé Thutmose kẹta ló ti wá. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń kọ orúkọ yẹn fún ààbò.

Ẹ dán an wò

Ẹ wá fọ́tò Pálẹ́ẹ̀tì Narmer, òkúta pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí, ojú rẹ̀ méjèèjì. Mùsíọ̀mù Íjíbítì ní Cairo ló ni ín, kò sì ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 64 lọ. Ẹ má tíì wo ìsàlẹ̀ yìí. Ẹ kọ orúkọ ọba náà, bí ẹ ṣe rí i, àti adé tó dé ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn: kò sí òrùka. Òkè pátápátá, láàárín orí màlúù méjì, ni serekh wà, kò sì sí àṣá lórí rẹ̀. Ẹja àrọ̀ ni *nar*, irin tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gbẹ́ igi ni *mer*. Ojú kan, ọba dé adé funfun, ó gbé kùmọ̀ sókè sí ẹni tó kúnlẹ̀, ìrù màlúù wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan sì ń gbé bàtà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ojú kejì, adé pupa ló dé, ẹja àrọ̀ àti irin yẹn sì tún wà níwájú orí rẹ̀. Bí ẹ bá kọ S5 sílẹ̀, ẹ tún un wò: adé méjì tó wọ inú ara wọn kò sí lójú kankan.